Ẹ Fọwọ́ Bà Á, Kí Ẹ Dá A Padà

"Ẹ má fi èyí sí i, Màámi."

Dámilọ́lá gba iṣu náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e ti ògiri. Iṣu gbọọrọ ni, ara rẹ̀ dán, erùpẹ̀ oko àná ṣì wà lára rẹ̀, ojú ọkọ́ kò sì kàn án níbì kankan. Ṣubúọlá kò bá a jà. Ó na ọwọ́, ó gbé iṣu náà padà sínú agbọ̀n, ó sì tì í síwájú kí ẹni tó bá ń wo agbọ̀n lè kọ́kọ́ rí i.

"Ẹni tí à ń gbé uṣu fún éè gbọdọ̀ rí èyí tó bàjẹ́," ló wí. "Ojú tèmi ni yóò tì, éè ṣe tirẹ̀."

"Ṣé ojú tiẹ̀ ń ti òun?"

Ìyá rẹ̀ ń to iṣu lọ. Dámilọ́lá jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn iṣu náà bí ẹni ń wo ẹrù tí wọ́n jí lójú òun. Inú ti ń bí i láti ìgbà tó ti jí. Ká má purọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí inú ti ń bí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bándélé Akọ́ládé ni wọ́n ń gbé iṣu lọ fún ní Ìlọ́fà. Ọmọ ìlú náà ni, òun sì ni ọ̀gá Dámilọ́lá ní yunifásítì tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Lónìí ni ìlú yóò bá a dúpẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, nítorí iṣẹ́ ìwádìí kan tí òkìkí rẹ̀ ti dé òkè òkun. Orúkọ méjì ló wà lórí iṣẹ́ náà. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣíwájú, ti Olúwadámilọ́lá Ògúnjìnmí ló tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Ìlọ́fà ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kọ gbólóhùn kan níbẹ̀. Kò tilẹ̀ fi kọ́mà kan sí i.

Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ọkùnrin náà síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún wọ eegun nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó fi ipá mú un.

Ní agbègbè yìí, ẹni tó bá wa iṣu tuntun kì í jẹ ẹ́ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbà. Àgbà yóò fọwọ́ bà á, yóò ṣàdúrà sí i, yóò mú ẹyọ kan, yóò sì ní kí o máa gbé ìyókù lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù àkọ́kọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tuntun rí. Ẹnikẹ́ni kì í pe ọmọ jókòó kọ́ ọ ní èyí; ọmọ á kàn máa wo ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí Dámilọ́lá parí iṣẹ́ rẹ̀ ní èṣí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ sì ní, "Gbé e tọ ọ̀gá rẹ lọ. Kọ orúkọ rẹ̀ ṣíwájú tìrẹ. Á fọwọ́ bà á, á dá a padà fún ọ."

Ó kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un. Ó ń retí kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó mú bírò, kí ó fa igi lé orúkọ ara rẹ̀, kí ó sì wí pé, "Mo ti gbà á, ọmọ mi, máa gbé e lọ." Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó tún un dé. Ó ní ó dáa. Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo ayé ń pè. Wọ́n pè é sí Ìbàdàn, wọ́n pè é sí Gúúsù Áfíríkà, ó sì ń lọ. Dámilọ́lá gbé e mì. Ó ní bóyá ọkùnrin náà ti gbàgbé àṣà ni, ó kúkú ti pẹ́ nígboro jù. Ṣebí báyìí làwọn ará ìlú ńlá ń ṣe: wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, wọ́n á ní táńkíù, ó tán. Àwáwí tó ń bá a wí nìyẹn, àwáwí náà ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú, títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ yìí ni obìnrin kan pè é láti ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́ ìwádìí. Obìnrin náà sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Akọ́ládé sọ fún wa pé ṣe lo bá òun tẹ iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

 Báwo ni Dámilọ́lá ṣe fẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀ ní òpùrọ́ létí àlejò? Ó bẹ obìnrin náà pé kó fún òun di ọjọ́ Ajé. Ìdí tó fi wálé nìyí. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé, nítorí bí kò bá sọ ọ́, iṣẹ́ Jámánì lọ nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà sì lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Ìlọ́fà ló ránṣẹ́ sí i pé kó múra, yóò dìde jẹ́rìí sí oore tí ọ̀gá ṣe fún un.

"Ẹ̀rí," ló ń tún wí bó ti ń bá ìyá rẹ̀ di agbọ̀n. "Èmi. Ẹ̀rí."

"Bóyá ó gbàgbé ni," ni Ṣubúọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Bó bá rí uṣu, á rántí."

Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ láti Òsì, ìlú wọn, agbọ̀n wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Awakọ̀ ń ya fún kòtò kan, ó ń já sínú òmíràn. Ibẹ̀ ni Ṣubúọlá ti béèrè ohun tí kò béèrè rí.

"Kí ni uṣẹ́ ọ̀hún gan-an? Wọ́n á bi mí níbẹ̀, mà á kàn máa wò bọ̀ọ̀."

Dámilọ́lá ronú díẹ̀. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, mótífìkì hòmótópì. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti pè é, ó jáwọ́.

"Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, Màámi. Ẹ̀ka ìṣirò kan ni, tó ń wá ìrísí tó pamọ́ sínú ìdọ́gba. Àwọn ìrísí náà le, ojú kò lè ká wọn. Kí ó lè rọrùn, àwọn tó ṣáájú wa ní ká máa ka ìlà gbọọrọ sí àmì kan ṣoṣo. Ẹ wo ọ̀nà tí a wà yìí. Ó dà bí ìgbà tí a bá ní ibì kan náà ni Òsì àti Ìlọ́fà, pé ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò já mọ́ nǹkan kan."

Mọ́tò já sí kòtò. Ṣubúọlá di orí ìjókòó iwájú mú.

"Kòtò tó ń fọ́ mi ní ìdí yìí ńkọ́?"

Dámilọ́lá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ohun tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀ báyìí ń wí nìyẹn. Ọgbọ́n àtijọ́ yẹn ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé orí ọ̀nà ni wọ́n wà. Bí ẹ bá ti pa ọ̀nà rẹ́, ẹ ti pa àwọn náà rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ni àwọn ènìyàn bá ń fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀. Wọn ò pa ìlà rẹ́ mọ́. Wọ́n jẹ́ kó gùn bó ṣe gùn, wọ́n kàn fi àmì kan sí ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè ká bí òrùka, òun ni wọ́n sì ń fi wọn ìyókù. Ibì kan wà nínú ìpìlẹ̀ náà tí kò dúró. Gbogbo ènìyàn ń fò ó kọjá. Ibẹ̀ ni mo dí."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, Màámi."

Ṣubúọlá kọjú sí fèrèsé. Ó ń wo oko títí wọ́n fi dé.

Gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn ọmọ ìlú tó wá láti Ìlọrin àti Èkó jókòó sí iwájú, àwọn àgbẹ̀ àti agbọ̀n wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá Gideon, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, jókòó sórí àga tí wọ́n fi tìmùtìmù sí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sí àárín orúnkún. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Joy, tí yunifásítì rán wá, ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán àga Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n Akọ́ládé dùn, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Ó kí àgbà, ó kí ọ̀dọ́, ó fi Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì náà, ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó dé orí iṣẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ṣe kò le bí ẹ ṣe rò. Ìlà gbọọrọ kan ni mo mú. Mo fún un pọ̀, mo fún un pọ̀, títí ó fi di àmì kan ṣoṣo báyìí." Ó fi ìka méjì hàn wọ́n. "Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ tuntun tí òyìnbó ń pariwo."

Àtẹ́wọ́ bú jáde. 

Ìyá Dámilọ́lá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án. "Ṣé éè ṣe èyí tí o ní wọ́n ti fi sílẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ kà á. Ọdún kan gbáko ló ti fi ń gbé iṣẹ́ náà kiri ayé, kò ka ojú ewé kejì. Bí ènìyàn bá tiẹ̀ fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ, ṣé kò ní wo ojú rẹ̀ kó mọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin?

"Ọmọ kan wà níbí láti Òsì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wí lọ. "Dámilọ́lá. Òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ dáadáa ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ lu èjìká rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ó ní Ọlọ́run yóò gbé e dé ibi tí ọ̀gá dé.

Nígbà tí àsìkò ẹ̀bùn tó, Adéjùmọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, àgbẹ̀ kan tí kò lè ju Dámilọ́lá lọ. Ó gbé agbọ̀n iṣu kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Dámilọ́lá ń wò. Ó ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: ọkùnrin ìgboro yìí yóò ní táńkíù, awakọ̀ rẹ̀ yóò kó gbogbo iṣu náà sínú búùtù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akọ́ládé dìde lórí àga. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwọn iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí, jẹ́jẹ́, bí àwọn bàbá àtijọ́ ti ń ṣe é.

"Mo ti gbà á, Adéjùmọ̀," ló wí. "Ilẹ̀ yóò máa gbè ọ́. Má fi ebi pa àwọn ọmọ nítorí tèmi." Ó mú ẹyọ kan. Èyí tó kéré jù ló mú, nítorí àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í mú èyí tó tóbi. Ó sì ti agbọ̀n náà padà sọ́dọ̀ onítọ̀hún.

Gbogbo ilé hó. Ẹnì kan ní ìlú ńlá kò ba ọkùnrin yìí jẹ́. Obìnrin opó kan tún gbé tirẹ̀ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ bà á, ó gbàdúrà, ó mú èyí tó kéré jù, ó dá ìyókù padà.

Dámilọ́lá kò gbọ́ ariwo náà mọ́.

Ọkùnrin náà mọ àṣà náà.

Kò gbàgbé nǹkan kan. Kò sí ohun tí ìgboro gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó mọ ohun tí òun gbé wá, ó mọ ohun tó yẹ kí ó wí, gbogbo gbólóhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ lónìí. Ó wo ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì ní kó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọdún kan ni òun fi ń wá àwáwí fún un, tí òun ń bá a bẹ ara òun. Ìbínú tó dé bá a báyìí kò dà bíi ti àárọ̀.  Ó yọ iṣẹ́ náà nínú báàgì rẹ̀, ẹ̀dà tó mú wá torí ẹ̀rí tí wọ́n ní kó wá jẹ́.

"Ó kan wá, Màámi," ló wí.

Àwọn méjèèjì gbé agbọ̀n dé iwájú. Wọ́n kúnlẹ̀. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni Dámilọ́lá ti gbé ìwé náà lé orí àwọn iṣu.

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lójú òfuurufú, fírí báyìí, tí ẹni tí kò sún mọ́ ọn kò lè rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ba àwọn iṣu náà, ó fọwọ́ ba ìwé, ó gbàdúrà tó gùn. Ìgbà tó ṣe tán, ó mú ìwé náà, ó fi í há abẹ́ apá.

"Màmá, ẹ máa gbé gbogbo iṣu yín lọ. Èyí nìkan ti tó mi."

Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, kò mú ẹyọ iṣu kan.

Ṣubúọlá kò dìde. Ó wá inú agbọ̀n, ó yọ iṣu tó kéré jù, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ mú uṣu, sà. Èyí tí ẹ mú nì éè ṣe jíjẹ."

"Màmá, ṣebí orúkọ mi ló ṣíwájú lára rẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀, sà," ni Dámilọ́lá wí.

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n makirofóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì gbé ohùn rẹ̀ dé ògiri ẹ̀yìn.

"Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo gbé e wá fún yín bí ìyá mi ṣe gbé iṣu wá yìí, kí ẹ fọwọ́ bà á, kí ẹ dá a padà. Ẹ ò tíì dá a padà, sà."

 Kò sí ẹni tó lóye ìṣirò nínú gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n èyí yé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wo agbọ̀n wọn. Joy kò pa kámẹ́rà.

"Bándélé."

Bàbá Gideon ni. Láti àárọ̀, kò sí ẹni tó pe ọkùnrin náà ní orúkọ yẹn.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún..."

"Mi éè bi ọ́ ní ti ọ̀hún. Uṣẹ́ ta ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo kámẹ́rà. Ó wo iṣu kékeré tó ṣì wà lọ́wọ́ Ṣubúọlá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà.

"Tirẹ̀ ni," ló wí sísàlẹ̀.

"Gbé e fún un."

Ó yọ ìwé náà lábẹ́ apá. Bó ti ń nà án ni ẹ̀rín ń padà sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí Dámilọ́lá tó gbà á, ó ti pé. "Ọmọ mi, mo dá a padà fún ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti tún dùn. "Wàá ga jù mí lọ." Àmín gba inú ilé kan. Fíkà gba makirofóònù, ó ní ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa tó mọ oore ṣe fún ọmọdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ń wí pé ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń mi orí, ó ń gba ìyìn náà, bí ẹni tó fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà láàárọ̀ yìí tó sì fi ta ọmọ lọ́rẹ.

Fíkà na makirofóònù sí ẹnu Dámilọ́lá. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, wọ́n ń dúró de gbólóhùn ìdúpẹ́ kan, èyí tí gbogbo ọmọ tó bá kúnlẹ̀ mọ̀.

Láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ ọ́n sọ, bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní nǹkan, ìbáà ṣe ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́, kí ó tó pa ọwọ́ dé ni ìka ìyá rẹ̀ yóò ti gún un lẹ́yìn. Kí lo wí? Ó dàgbà tán, ó di dókítà nínú ìṣirò, ìka náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó dúró dè é nísinsìnyí. Ojú ibi tó máa ń gún gan-an ti ń yún un.

Ṣubúọlá ti fi iṣu kékeré náà padà sínú agbọ̀n. Ó ń to àwọn ìyókù, ó ń fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ara wọn. Ó to iṣu gbọọrọ nì kẹ́yìn, ó fi aṣọ bò ó.

"Dìde," ló wí. "Gbé e rù mí."

Dámilọ́lá dìde. Ó gbé agbọ̀n ru ìyá rẹ̀, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ há abíyá, àwọn méjèèjì sì gba àárín ilé kọjá, Fíkà ṣì na makirofóònù síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí mọ́. Dámilọ́lá ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé ohun tí òun yóò sọ fún obìnrin Jámánì náà lọ́jọ́ Ajé ti wà lẹ́nu òun láti ọjọ́ tó ti béèrè, pé kò gùn, àti pé òun kò ní láti gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.